Ta Ni Onígbọ̀wọ́ Ìjọ Yín?

Mo mọ̀ pé mo jẹ yín ní gbèsè ìtàn àwọn ará wa tí wọ́n lé kúrò ní Gánà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wá kan ilẹ̀kùn mi ní Sátidé tó kọjá, mo sì rí i pé òun ló yẹ kí n kọ́kọ́ sọ. Ó gùn díẹ̀. Ẹ wá ibì kan jókòó sí.

Lẹ́yìn pápá ìṣeré Kégué níhìn-ín, níbi tí ọ̀dà ti parí tí iyanrìn ti bẹ̀rẹ̀, ilé àdúrà kékeré kan wà. Páànù ni òrùlé rẹ̀, ẹní ni wọ́n tẹ́ sílẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í wọ bàtà wọ ibẹ̀. Àwọn ará wa ló pọ̀ jù nínú wọn, àmọ́ Ègùn wà níbẹ̀, Èwè náà wà níbẹ̀, èdè mẹ́ta ni wọ́n fi ń kọrin. Bàbá tó ń ṣáájú wọn ti pé ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin. Iṣẹ́ bíríkìlà ló ṣe títí agára fi dá a. Òun àti màmá kan tó ń ta òkìrìkà ní ọjà Hédzranawoé ló gbé fáìlì kan wá bá mi. "Tíṣà, ẹ bá wa kọ ọ́ ní Faransé tó mọ́, kí wọ́n má baà fi wá ṣẹ̀sín."

Ìwé tí ìjọ fi ń wá ìdánimọ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ni. Mo ka ohun tí wọ́n ń béèrè: ìlànà ẹgbẹ́, òfin abẹ́lé, àlàyé ohun tí ìjọ gbà gbọ́, orúkọ àti àdírẹ́sì àwọn ìgbìmọ̀, àwòrán ibi tí ilé ìsìn wà, bí owó ṣe ń wọlé, àti ìwé-ẹ̀rí tí aṣáájú gbà ní ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ Ọlọ́run. Nígbà tí mo dé orí èyí tó gbẹ̀yìn, Bàbá rẹ́rìn-ín. "Tíṣà, ilé-ìwé wo ni Èlíjà jáde?" Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi wọ́n ní ìyẹn ní ọ́fíìsì o."

Kì í ṣe fáìlì yẹn nìkan ló gbé wọn wá. Ìjọ ńlá kan tó ti gba ìwé tipẹ́ ti ránṣẹ́ sí wọn pé kí wọ́n wá sábẹ́ òun. Òun á jẹ́ onígbọ̀wọ́ wọn. Wọn á gbé orúkọ rẹ̀ kọ́ sí ẹnu ọ̀nà, ẹnikẹ́ni kò sì ní lè wá ti ilẹ̀kùn wọn. Ohun tí ìjọ náà fẹ́ gbà padà ni kí wọ́n bọ́ aṣọ funfun, kí wọ́n yéé gbàdúrà sí omi fún aláìsàn, kí ìdá kan nínú owó ọrẹ máa lọ sí orílé-iṣẹ́ lóṣooṣù, kí pásítọ̀ tiwọn sì máa wá wàásù. Òpin oṣù yìí ni èsì gbọ́dọ̀ dé. Àwọn ọ̀dọ́ inú ìjọ ní kí wọ́n gbà. Àwọn àgbà ní àwọn ò gbà. Màmá wò mí lójú: "Ẹ̀yin lẹ mọ ìtàn. Ta ló ti ṣe irú èyí rí, ibo ló sì já sí?"

Mo ní kí wọ́n fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan. Ẹni tó ń kọ́ ọmọ ní ìtàn kò gbọdọ̀ fi ẹnu lásán dáhùn irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo kó jọ fún wọn ni mo kó wá fún ẹ̀yin náà.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ilẹ̀ ṣe rí ní Tógò lónìí. Èmi tí mo kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ lọ́dọ̀ àwọn tó ń sọ Faransé, wọ́n kọ́ wa ní *laïcité* bí ẹni kọ́ ọmọ ní ìṣirò: ìjọba kò mọ ìjọ, ìjọ kò mọ ìjọba. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo wá rí i pé ìjọba mọ àwọn ìjọ kan dáadáa. Ìjọ Àgùdà, àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì àti àwọn Mùsùlùmí kò nílò kí wọ́n lọ forúkọ sílẹ̀ níbì kankan. Àwọn ni wọ́n ń pè síbi ayẹyẹ ìjọba, ọdún wọn ni à ń fi ń sinmi lẹ́nu iṣẹ́. Gbogbo ìjọ yòókù gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ bí ẹgbẹ́, lọ́nà tí òfin Faransé ti 1901 là sílẹ̀, lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ètò àgbègbè. Bí ìwé wọn bá pé, wọ́n á fún wọn ní *récépissé*, ìwé pélébé tó ń sọ pé ìjọba ti rí yín.

Láti 2013 ni ètò yẹn ti dúró. Ìjọba ní òun ń ṣe òfin tuntun lórí ìjọsìn, kí gbogbo èèyàn ní sùúrù. Nǹkan bíi 900 ìwé ìbéèrè ló jókòó sílẹ̀ tó ń retí. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún yẹn ti wà ní collège báyìí.

Ẹni tí kò bá mọ̀ lè ní kí ni ìwé já mọ́, ṣebí àdúrà ni? Ẹ gbọ́ ná. Ilẹ̀ tí ilé àdúrà tí mò ń sọ yìí wà, owó ìjọ ni wọ́n fi rà á, ṣùgbọ́n orúkọ Bàbá ló wà lórí ìwé, nítorí ẹgbẹ́ tí òfin kò mọ̀ kò lè ra ilẹ̀. Bí Bàbá bá kú, ilẹ̀ di ogún. Àkọ́bí rẹ̀ wà ní Libreville, kò sì fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ aṣọ funfun sétí.

Ìtàn náà bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Ní 1918, àjàkálẹ̀ ọ̀fìnkìn tó pa èèyàn káàkiri ayé dé Ìjẹ̀bú-Òde. Àwọn ọmọ ìjọ Áńgílíkà kan ní St. Saviour's bẹ̀rẹ̀ sí í kóra jọ láti gbàdúrà. Joseph Ṣàdárè, alágbẹ̀dẹ wúrà, wà níbẹ̀. Sophia Ọdúnlámì, ọ̀dọ́bìnrin tó ń ṣe tíṣà, wà níbẹ̀. Àdúrà àti omi ni wọ́n gbọ́kàn lé, wọn kò fẹ́ oògùn, wọn kò sì fẹ́ kí wọ́n máa ṣèrìbọmi fún ọmọ ọwọ́. Ní 1922 ọ̀nà wọn àti ti ìjọ yà. Nígbà tó yá, ìwé ìròyìn kan láti Philadelphia ní Amẹ́ríkà bọ́ sí wọn lọ́wọ́, ti ìjọ Faith Tabernacle, wọ́n rí i pé ohun kan náà ni àwọn jọ gbà gbọ́, wọ́n sì gba orúkọ náà. Ẹ ṣàkíyèsí èyí: wọn ò tíì gbàdúrà fún ọdún mẹ́wàá tí wọ́n fi ní onígbọ̀wọ́ ní òkè òkun. Lẹ́tà àti ìwé ìròyìn nìkan ló so wọ́n pọ̀. Ará Philadelphia kankan kò wá bá wọn gbé.

Ní 1925, Mósè Orímọládé àti Abíọ́dún Akínsọ́wọ̀n dá Kérúbù àti Séráfù sílẹ̀ ní Èkó. Ní 1930, Ọ̀ṣítẹ̀lú dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní Ògèrè. Ọdún yẹn kan náà, ní oṣù keje, Joseph Ayọ̀ Babalọlá, tó ń wa ẹ̀rọ tó ń tẹ ọ̀nà kó tó gbọ́ ìpè, wàásù ní Òkè-Oòyè ní Iléṣà, àwọn èèyàn sì tú jáde láti ìlú dé ìlú. Wọ́n ń gbé korobá omi bọ̀. Àwọn kan da òrìṣà nù. Àwọn míì ń jẹ́wọ́ pé àjẹ́ ni àwọn.

Kí ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rù nínú ìyẹn? Ẹ rántí pé ọwọ́ ìparí 1929 ni àwọn obìnrin dìde ní Aba, tí ìjọba yìnbọn, tí ọ̀pọ̀ kú. Kò tíì pé ọdún kan. Ogunlọ́gọ̀ èèyàn tó péjọ láìsí òyìnbó kan láàárín wọn, ojú ọ̀tẹ̀ ni ìjọba fi ń wò ó. Ìjọ Áńgílíkà lè péjọ bí wọ́n ṣe fẹ́, bíṣọ́ọ̀bù wọn ń bá gómìnà jẹun. Aládùúrà kò ní ẹnì kankan tó ń bá gómìnà jẹun. Wọ́n ń fi àyè ilé ìjọsìn dù wọ́n, wọ́n sì ń mú àwọn oníwàásù wọn.

Ìgbà yẹn ni àwọn àgbà wọn, Ọdúbánjọ ní Èkó, Akínyẹlé ní Ìbàdàn àti àwọn ẹgbẹ́ wọn, pinnu ohun tí Bàbá inú Kégué fẹ́ pinnu lóṣù yìí. Wọ́n kọ̀wé sí ìjọ Àpọ́sítélì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé kí wọ́n wá. Ní oṣù kẹsàn-án 1931, òyìnbó mẹ́ta gúnlẹ̀ sí Èkó. Láti ọjọ́ náà, ìjọba rí aláwọ̀ funfun tó jókòó lórí pèpéle pẹ̀lú Aládùúrà, ojú tí wọ́n fi ń wò wọ́n sì rọ̀ díẹ̀.

Díẹ̀ ni mo wí. Ní 1932, onígbọ̀wọ́ ti wà nílẹ̀, síbẹ̀ wọ́n ju Babalọlá sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà ní Benin City lórí ọ̀rọ̀ àwọn tó pè ní àjẹ́. Onígbọ̀wọ́ kò lè gba ẹ̀wọ̀n ṣe fún un.

Ohun tó wá tú àárín wọn ká kò jẹ mọ́ ìjọba rárá. Kuiníìnì ni. Àwọn míṣọ́nnárì láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń lo kuiníìnì nítorí ibà. Àwọn ará wa ní: "Ẹ̀yin tí a gbà pé ẹ ní ìgbàgbọ́ bíi tiwa, kí ló dé tí ẹ ń gbé oògùn mì?" Àwọn òyìnbó ní ìgbàgbọ́ kò ní kí ènìyàn kú ikú ẹ̀fọn. Lábẹ́ ìyẹn, ìjà ta ló ń pàṣẹ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Láti 1939 ni wọ́n ti ń yà, apá kan dúró bí ìjọ Àpọ́sítélì, apá kejì di Christ Apostolic Church, tó forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ òfin ní 1943. Lọ́tẹ̀ yìí, orúkọ ara wọn ni wọ́n fi gbàwé. Ní 1955, Isaac Babalọlá Akínyẹlé, ààrẹ ìjọ náà, gorí oyè Olúbàdàn. Láàárín ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n sí 1930, ọ̀kan nínú àwọn tí ìjọba ń ṣọ́ ti di ọba tí ìjọba ń kí.

Ẹ jẹ́ ká sún wá sápá ọ̀dọ̀ wa. Àjàṣẹ́, 1947. Samuel Bilehou Oshoffa, káfíńtà, ọmọ Mẹ́tọ́díìsì, wọ inú igbó lọ wá igi, ó sì jáde pẹ̀lú ìpè. Ní 29 oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn ni Ìjọ Mímọ́ ti Kristi láti Ọ̀run Wá bẹ̀rẹ̀. Àwọn apẹja Ègùn gbé e dé Mákòkó ní Èkó. Ìjọ yìí kò kọ lẹ́tà sí òyìnbó kankan, kò sí ìjọ ní Philadelphia tàbí ní Bradford tó lè ní tòun ni wọ́n. Ní Nàìjíríà, wọ́n gba ìwé ní 1958. Ní Dàhòmì, níbi tí wọ́n ti bí ìjọ náà gan-an, 1965 ni ìjọba tó fọwọ́ sí i, ọdún méjìdínlógún lẹ́yìn tó ti wà. Mo máa ń bi ara mi pé kí ló dé tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi yára ju ilẹ̀ Faransé lọ. Èrò tèmi ni pé lójú òṣìṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, ìjọ dà bí ẹni tó fẹ́ ní ilẹ̀: sọ orúkọ àwọn alámòójútó rẹ, san owó, máa lọ. Lójú òṣìṣẹ́ Faransé, ẹgbẹ́ ni, ẹgbẹ́ sì jẹ́ ohun tí ọlọ́pàá ń ka ìwé rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ìwé Nàìjíríà kò ní ẹ̀gún. Nígbà tí Oshoffa kú ní oṣù kẹsàn-án 1985, ìjà ta ni yóò jókòó sí àga rẹ̀ gbé ìjọ náà lọ sílé ẹjọ́, ó sì dé Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní Nàìjíríà, tó dájọ́ ní 2000. Ìjọ tí òfin bá mọ̀, òfin lè pè é lẹ́jọ́.

Ó wá ku Lomé. Ìtàn tiwa ní ìlú yìí dùn mí díẹ̀, ẹ jẹ́ kí n farabalẹ̀ sọ ọ́.

Àwọn oníṣòwò Yorùbá láti Nàìjíríà ló kọ́kọ́ gbé ìjọ Onítẹ̀bọmi wọ Tógò. Wọ́n ru ẹrù, wọ́n ru Bíbélì, wọ́n ń sìn ní Yorùbá nínú yàrá tí wọ́n háyà. Ìgbà tó di àwọn ọdún 1960 ni àwọn míṣọ́nnárì Bàtíìsì láti Amẹ́ríkà tó wá bá wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní Gánà: àwọn ará wa ló kún inú ìjọ Bàtíìsì níbẹ̀, tó fi jẹ́ pé nígbà tí ìjọba Busia pàṣẹ ní oṣù kọkànlá 1969 pé kí àlejò tí kò ní ìwé ìgbé kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀pọ̀ ilé ìsìn ṣófo lójijì. Ọ̀nà Lomé yìí ni wọ́n gbà lọ sílé, àwọn kan kò sì kọjá Lomé. (Ìtàn tí mo jẹ yín nìyẹn. Màá san án.)

Ní 1978, ìjọba Eyadéma ti ilẹ̀kùn. Nǹkan bí ogún ẹgbẹ́ ìjọsìn ni wọ́n fòfin dè, àwọn Ẹlẹ́rìí Jèhófà wà lára wọn. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni wọ́n gbà láyè: Ìjọ Àgùdà, ìjọ Presbytérienne tí àwọn ará Bremen gbìn, Mẹ́tọ́díìsì, Bàtíìsì, Assemblées de Dieu, Adventist, àti àwọn Mùsùlùmí tí ẹgbẹ́ Union Musulmane du Togo ń ṣojú fún láti 1963.

Ẹ tún orúkọ wọ̀nyẹn kà. Gbogbo ìjọ Kristẹni tó wà níbẹ̀ ló ní ìyá tàbí ìyá-ńlá ní òkè òkun: Róòmù, Jámánì, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Amẹ́ríkà. Bàtíìsì tí àwọn ará wa gbé wọ̀lú wà níbẹ̀, mo sì bá wọn yọ̀. Àmọ́ mi ò gbà pé nítorí àwọn ará wa ni. Aláṣọ funfun, tó jẹ́ pé ọwọ́ àwọn ará wa kan náà àti ti Ègùn ló ti jáde, kò sí níbẹ̀. Bíbélì kan náà ni ìjọ méjèèjì ń kà, ó sì lè jẹ́ pé ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ló wà nínú wọn. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni ẹni tó lè kọ lẹ́tà sí mínísítà lórí bébà tó ní àdírẹ́sì Amẹ́ríkà.

Ọmọ kékeré ni mí nígbà náà. Ohun tí mo rántí ni pé màmá mi máa ń ká aṣọ funfun rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ àpò ọjà, á to tòmátò lé e. Mo rò pé nítorí eruku ni. Ní oṣù kẹjọ 1985, Póòpù John Paul Kejì wá sí Lomé, ìjọba àti ará ìlú tú jáde pàdé rẹ̀, ó sì dé Togoville lẹ́bàá odò, níbi tó ti pàdé àwọn àwòrò ẹ̀sìn ìbílẹ̀. Oṣù kan lẹ́yìn ìyẹn ni Oshoffa kú. Nínú ilé wa, ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ni wọ́n fi sọ ọ́.

Ṣùgbọ́n ohun tó yà mí lẹ́nu jù nínú gbogbo ìwádìí yìí nìyí. Ìjọba tó ń bi àwọn tó ń gbàdúrà pé ta ni onígbọ̀wọ́ yín, ọjọ́ dé tí òun náà wá onígbọ̀wọ́ kiri.

Bẹ̀nẹ̀ ló kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ sí. Kérékou ti kéde ní 1974 pé ọ̀nà Marx àti Lenin ni àwọn ń tọ̀, ọ̀nà náà kò sì gbé ìlú débi tó ń lọ. Nígbà tó di 1989, owó oṣù kò sí. Ní oṣù kejì 1990 wọ́n pe àpérò gbogbo orílẹ̀-èdè ní Kútọnu. Ta ni gbogbo ìhà lè fọkàn tán láti jókòó sí àga alága? Bíṣọ́ọ̀bù Isidore de Souza. Ọdún kan lẹ́yìn ìyẹn, ó kan Tógò. Láti oṣù keje sí oṣù kẹjọ 1991, Bíṣọ́ọ̀bù Philippe Kpodzro ló jẹ́ alága àpérò tiwa. Bíṣọ́ọ̀bù Atakpamé ni nígbà náà, ìlú tí àwọn Ifẹ̀ ti ń sọ èdè tó bá tiwa tan. Ní 2009 tí wọ́n tún fẹ́ mọ ẹni tó ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ láti ọdún wọ̀nyí wá, tí wọ́n dá ìgbìmọ̀ òtítọ́, ìdájọ́ àti ìlàjà sílẹ̀, ta ni wọ́n fi ṣe alága? Bíṣọ́ọ̀bù Nicodème Barrigah, ti Atakpamé náà! Ní 2017, wọ́n ṣe ètò ìwẹ̀nùmọ́ orílẹ̀-èdè, àwọn oníṣẹ̀ṣe, àwọn Kristẹni àti àwọn Mùsùlùmí sì ṣe é, oníkálukú lọ́nà tirẹ̀.

Kí ẹ sì tó ní bíṣọ́ọ̀bù nìkan ni, ẹ rántí ọ̀rọ̀ ìbúra Kérékou. Nígbà tó padà sórí àléfà ní oṣù kẹrin 1996, ó ti di Kristẹni alákatakítí, ó sì fo ibi tí òfin ti ní kí ààrẹ dárúkọ ẹ̀mí àwọn baba ńlá. Ilé-ẹjọ́ Òfin-Ìpìlẹ̀ ní ìbúra náà kò dúró. Ó padà wá tún un ṣe, ó dárúkọ wọn. Ọdún kejì ni wọ́n ṣòfin ọjọ́ ìsinmi fún ẹ̀sìn ìbílẹ̀, èyí tí wọ́n fi sí 10 oṣù kìn-ín-ní nígbà náà. Àwọn baba ńlá kò fi ìlànà ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní ọ́fíìsì kankan.

Jíjẹ́ onígbọ̀wọ́ ìjọba náà kò rọrùn o. Kpodzro, tó di bíṣọ́ọ̀bù àgbà Lomé lẹ́yìn náà, gbè sẹ́yìn alátakò nínú ìbò ààrẹ 2020. Ilẹ̀ Sweden ló kú sí ní oṣù kìn-ín-ní 2024.

Àpérò 1991 ló ṣílẹ̀kùn tí 1978 tì. Òfin-Ìpìlẹ̀ 1992 ní oníkálukú lómìnira láti sìn. Màmá mi kó aṣọ rẹ̀ jáde kúrò lábẹ́ tòmátò, ó sá a sórí okùn níwájú ilé. Àwọn ìjọ sì pọ̀. Wọ́n pọ̀ débi pé ẹni tó ń gbé Kégué mọ ọjọ́ tí ó jẹ́ nípa ariwo tó ń gbọ́ lóru.

Mi ò ní purọ́ fún yín, mo mọ ohun tí ìjọba ń sọ nígbà tó ní kí ìforúkọsílẹ̀ dúró ná. Mo ti kọ́ ọmọ ní ìṣirò pẹ̀lú orí fífọ́ nítorí ẹ̀rọ gbohùngbohùn tí kò dákẹ́ títí aago mẹ́rin ìdájí. Wòlíì èké wà, tó ń gbowó lọ́wọ́ opó. Ṣùgbọ́n ariwo ní òfin tirẹ̀, jìbìtì ní òfin tirẹ̀, ilé ọtí tó wà ní ìkóríta wa ń pariwo ju ilé àdúrà lọ, kò sì sẹ́ni tó bi ọlọ́tí pé kí ló gbà gbọ́. Ẹni tó ní ìwé ń pariwo. Ẹni tí kò ní ìwé, tó ń gbàdúrà wúyẹ́wúyẹ́ lórí ẹní, òun ni ìwé ń dààmú. Ní Nàìjíríà pàápàá, tí ìforúkọsílẹ̀ ti rọrùn, nígbà tí òfin iléeṣẹ́ àti ẹgbẹ́ ti 2020 fún ìjọba lágbára láti dá àwọn alámòójútó ìjọ dúró bí nǹkan bá wọ́, àwọn ìjọ ńláńlá ló kọ́kọ́ figbe ta. Wọn ò tíì rí irú ẹ̀ rí. Àwọn ará Kégué ti rí i.

Ní Sátidé àná Bàbá àti Màmá padà wá. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn bí mo ṣe sọ ọ́ fún yín, mo sì fi púpọ̀ sí ibi 1931. Màmá fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn òyìnbó mẹ́ta yẹn ní kí wọ́n bọ́ nǹkan kan. Mo ní kuiníìnì ni ìjà wọn, kì í ṣe aṣọ. Ó ní ohun kan náà ni: "Ẹni tó gbà ọ́ sílé á sọ bí o ṣe máa sùn."

Bàbá dákẹ́ pẹ́. Ó wá bi mí pé ọdún mélòó ló wà láàárín ìgbà tí wọ́n wọ abẹ́ onígbọ̀wọ́ àti ìgbà tí wọ́n gba ìwé lórúkọ ara wọn. Mo ní láti 1931 sí 1943, ọdún méjìlá. Ó fi ìka ọwọ́ ṣírò.

"Màá jẹ́ ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún."

Ó ní kí n ti fáìlì yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná, kí n mú bébà míì. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ló fẹ́ ká kọ́kọ́ kọ: pé kì í ṣe tòun, pé ti ìjọ ni, pẹ̀lú orúkọ èèyàn márùn-ún tí yóò jọ ni ín lórí ìwé, méjì nínú wọn obìnrin. Ó fẹ́ kí àkọ́bí òun fọwọ́ sí i pẹ̀lú kó tó di òpin oṣù. A ṣì ń wá nọ́ńbà rẹ̀ ní Libreville.